Igbà Ọdẹ́gbèmí: Bí Ilé Onígbà Ṣe Gba Orúkọ

Ọdún tí eṣú jẹ àgbàdo wa tán lóko ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, lẹ́nu Bàbá Àgbà, ẹni tó bí bàbá mi. Ebi ń pa gbogbo ilé, àwọn ọkùnrin sì ń wọ igbó lọ wá ẹran. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń kánjú, ó fẹ́ jáde láìmú okùn ìgungi rẹ̀ dání. Bàbá Àgbà fi ọ̀pá dábùú ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Kò sí ebi tó lè pa ọmọ Onígbà tí yóò fi gbàgbé igbà rẹ̀ sílé. Jókòó!" Gbogbo wa jókòó. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni èmi náà yóò ṣe sọ ọ́ fún yín. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí, kó tún un gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Mi ò ní gbà fún un náà, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí igbó ṣì sún mọ́ ilé débi pé ọ̀bọ ń jókòó sórí òrùlé wo àwọn obìnrin bí wọ́n ti ń rokà, ọkùnrin kan wà ní Òkè-Ẹfọ̀n tó ń jẹ́ Ọdẹ́gbèmí. Òun ni baba ńlá wa. Kò ga, kò sì fẹ̀ láyà. Àwọn tó ga jù ú lọ pọ̀ nílùú, àwọn tó lágbára jù ú lọ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni a ń sọ ìtàn rẹ̀ lónìí? Ṣé àwọn tó ga ni?

Iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ń ṣe ní Òkè-Ẹfọ̀n, ègùn ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ègùn, pẹpẹ ni, èyí tí ọdẹ ń fi igi àti ìtàkùn so sí àárín ẹ̀ka, lókè réré. Ọdẹ yóò gun orí rẹ̀ lọ, yóò lúgọ síbẹ̀, yóò máa dúró de ẹran tí yóò wá jẹ èso tàbí tí yóò wá mu omi nísàlẹ̀. Ìbọn kò tíì dé nígbà náà. Ọrun àti ọfà ni. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti ṣẹ̀: ọwọ́ kan kò ta ọfà. Ọwọ́ kan yóò di ọrun mú, èkejì yóò fa ọsán, okùn ọrun. Nígbà tí ọdẹ bá wá fa ọrun rẹ̀ lórí igi, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ló di ọdẹ fúnra rẹ̀ mú? Kò sí nǹkan kan. Orí rẹ̀ nìkan ni.

Wọ́n ń já bọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Òjò á pa èèpo igi, á máa yọ̀. Ìtàkùn á gbẹ, á já. Oorun á gbé ọdẹ tó ti rìn látàárọ̀. Wọ́n ń já bọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní Òkè-Ẹfọ̀n. Wọ́n ní igi kì í ju ọdẹ sílẹ̀ lásán. Wọ́n ní bí ọdẹ bá já bọ́, a jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ yan àlè nílé nígbà tí ọkọ wà lórí igi. Bí wọ́n bá ti ń gbé ọdẹ bọ̀ láti inú igbó báyìí, ẹnikẹ́ni kì í lọ wo igi, ẹnikẹ́ni kì í lọ wo ìtàkùn. Ọ̀dọ̀ ìyàwó ni wọ́n ń lọ tààrà. Wọn yóò kó ẹrù rẹ̀ síta, wọn yóò ní kó máa lọ, kó má sì wẹ̀yìn. Ṣé àwọn àgbà kò ti sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn? Àwọn àgbà Òkè-Ẹfọ̀n ń ṣubú, ìdí àdògán ìyàwó ni wọ́n ń wò.

Bàbá Ọdẹ́gbèmí já bọ́ nígbà tí Ọdẹ́gbèmí ṣì kéré. Ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá ni wọ́n lé ìyá. Obìnrin náà ń lọ lọ́nà, ẹní rẹ̀ wà lórí, kò sunkún. Ohun tí ó ń sọ ni pé, "Mo wà níbi ọṣẹ tí mò ń sè. Gbogbo yín lẹ rí mi." Lóòótọ́ ni wọ́n rí i. Wọ́n rí i, wọ́n sì lé e.

Ọdẹ́gbèmí dàgbà, ó di ọdẹ, ó fẹ́ ìyàwó kan tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró. Ẹnu Àwẹ̀ró mú bí abẹ, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn ẹnu náà. Oyún rẹ̀ ti ń hàn nígbà tí ohun tí a ń sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Ọdẹ́gbèmí wà lórí ègùn rẹ̀, àgbọ̀nrín sì yọ. Ó na ara síwájú, ó fa ọrun, ìtàkùn kan já lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbì! Ọpẹ́lọpẹ́ pé orí ewé gbígbẹ tó jìn ni ó já sí. Eegun ìhà rẹ̀ kan kán, ojúgun rẹ̀ bó. Ó jókòó níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kí ló ṣe? Ó wọ́ ara rẹ̀ lọ sídìí ìtàkùn tó já, ó mú un, ó wò ó. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ó ki ìtàkùn náà bọ àpò. Ẹ rí i pé baba wa ni ẹni àkọ́kọ́ ní Òkè-Ẹfọ̀n tó wẹ̀yìn wo ibi tó ti ṣubú.

Nígbà tó fi máa rá délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọdẹ ti kún iwájú ilé rẹ̀, Olúọdẹ Akíngbadé ló ṣáájú wọn. Àgbà ọdẹ ni Akíngbadé, ohùn rẹ̀ wúwo. Apá òsì rẹ̀ rọ, torí òun náà ti já láti orí ègùn nígbà èwe rẹ̀.

Akíngbadé ní, "Àwẹ̀ró, ta ni?"

Àwẹ̀ró ní, "Ta ni ta ni, Bàbá Olúọdẹ?"

"Ta ni ọkùnrin náà?"

"Ó dùbúlẹ̀ síwájú yín yìí, ìhà rẹ̀ kán. Òun nìkan ni mo mọ̀. Bí ẹ bá mọ òmíràn, ẹ júwe rẹ̀ fún mi, mo nílò ẹni tí yóò bá mi la igi."

Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e mì. Akíngbadé na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n kó ẹrù obìnrin náà síta. Ọdẹ́gbèmí, tí kò lè dìde, fi ìgbónwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè. Ó yọ ìtàkùn látinú àpò.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Ikán ló jẹ ẹ́. Ṣé ikán náà ni àlè ìyàwó mi?"

Akíngbadé kò gba ìtàkùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí kò já láná? Ìtàkùn ń dúró de ẹ̀ṣẹ̀ ni."

Ọdẹ́gbèmí ní, "Ẹ jẹ́ kí ara mi yá. Màá padà sórí igi kan náà. Bí mo bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kejì kí èso òro orí rẹ̀ tó wọ́ tán, ẹ ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí n kò bá já bọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ Àwẹ̀ró sí i mọ́."

Akíngbadé wo ikùn obìnrin náà, ó wo àwọn ọdẹ rẹ̀. Ó ní, "A gbà. Òro ń bọ̀ wá wọ́ ná."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àwẹ̀ró jókòó ti ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Baálé mi, ẹ ti fi mí kọ́ sórí igi."

Ọdẹ́gbèmí ní, "Mo mọ̀."

"Kí lẹ máa wá ṣe?"

"N kò tíì mọ̀."

Ẹ̀yin èwe òde òní, bí ọkọ bá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò tíì mọ̀, ìyẹn kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ẹni tó bá ní òun ti mọ̀ ni ẹ bẹ̀rù.

Ọdẹ́gbèmí dùbúlẹ̀, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Igi ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé. Àgbà adẹ́mu kan, Lánípẹ̀kun, ń gun ọ̀pẹ náà láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọdẹ kì í ka adẹ́mu sí. Wọ́n ń mu ẹmu rẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kòkòrò inú ọ̀pẹ nìkan ló ń pa. Ọdẹ́gbèmí náà ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ṣùgbọ́n bó ti dùbúlẹ̀ tí ìhà ń ro ó yìí, ó rí i pé Lánípẹ̀kun gun òkè ọ̀pẹ, ó fẹ̀yìn ti òfúrufú bí ẹni fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ọwọ́ kan mú ọ̀bẹ, ó fi èkejì gbé akèrègbè. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́! Ó tún ń kọrin! Igbà ló gbé e ró, okùn líle tó yí i nídìí tó sì yí ọ̀pẹ ká.

Ara Ọdẹ́gbèmí kò tíì yá dáadáa tó fi tọ bàbá náà lọ. Ó dọ̀bálẹ̀.

Lánípẹ̀kun ní, "Ọdẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún adẹ́mu! Ṣé orí ni o fi já ni?"

Ọdẹ́gbèmí ní, "Ìhà ni, Bàbá. Ẹ kọ́ mi ní igbà."

"Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí o ti ní kí n lọ ta ọfà sí ẹtu, kí n yé dá ẹmu."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè."

Lánípẹ̀kun rẹ́rìn-ín. Ó bu ẹmu fún un mu, ó sì kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń lọ́ igbà látara imọ̀ ọ̀pẹ àti ìtàkùn tó yi. Igi òro tóbi ju ọ̀pẹ lọ, nítorí náà àwọn méjèèjì jọ lọ́ èyí tó gùn, wọ́n rẹ ẹ́ sómi, wọ́n sá a, wọ́n tún rẹ ẹ́. Bí wọ́n ti ń lọ́ ọ ni bàbá ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ni a ṣì ń sọ títí dòní nílé yìí.

Lánípẹ̀kun ní, "Ìsàlẹ̀ ni a ti ń so igbà, a kì í dé òkè ká tó so ó. Ẹni tó ní òun yóò so ó bí òun bá dókè, àárín ọ̀nà ni yóò ti já." Ó ní, "Má fi ọrun kọ́ èjìká gun igi. Fi í sílẹ̀. Bí o bá dókè tí o ti jókòó, fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ fà á sókè, kó o sì fi ewé di ẹnu ọfà." Ó ní, "Má jẹ́ kí igbà rẹ dẹ̀ jù. Igbà tó dẹ̀ yóò jẹ́ kí o já ná kó tó mú ọ, ìhà rẹ yóò sì gbọ́ ọ." Ó ní, "Má lọ sórí igi tí ará ilé rẹ kò mọ̀." Èyí tó kẹ́yìn, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì: "Ẹlòmíràn ni kó dán igbà rẹ wò, kì í ṣe ìwọ. Ojú ẹni tó ń kánjú kì í rí ibi tó ti gbó."

Ọdẹ́gbèmí ní, "Ta ni ó máa bá mi dán an wò?"

Lánípẹ̀kun ní, "Ta ni ó máa pàdánù jù bí o bá já?"

Báyìí ló ṣe jẹ́ pé láràárọ̀, Àwẹ̀ró yóò jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú oyún rẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti igi ìdí àgbàlá, yóò so igbà mọ́ igi náà, yóò sì fi gbogbo agbára fà á. Yóò máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ní, "Ẹ máa lọ," ọkọ yóò lọ. Ní ọjọ́ kan ó ní, "Ẹ ò lọ," nítorí pé ó rí ibi tí eku ti jẹ. Ọkọ jókòó sílé lọ́jọ́ náà, ó tún igbà ṣe.

Yẹ̀yẹ́ tí àwọn ọdẹ fi ṣe é kò kéré. Bó bá ti ń kọjá, wọn yóò ní, "Onígbà, bu ẹmu wá!" Wọn yóò ní, "Ẹ wo ọdẹ tí wọ́n so mọ́gi bí ewúrẹ́ ọdún!" Wọ́n ń ké bíi ewúrẹ́ tẹ̀ lé e.  Àwẹ̀ró ló ń dá wọn lóhùn. Ó ní, "Ewúrẹ́ tí wọ́n so kì í sọnù. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní okùn, ẹ kí ikán fún mi."

Òro bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ẹ̀yin náà mọ òro, èyí tí a ń fi kóró rẹ̀ se ọbẹ̀ ààpọ̀n. Bó bá ti ń wọ́, ẹran gbogbo ń jáde. Akíngbadé ní kí àwọn ọdẹ so ègùn sórí igi tó dojú kọ ti Ọdẹ́gbèmí, kí wọ́n máa ti òun gòkè nítorí apá òun, ó ní òun fúnra òun ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ ń lọ, Ọdẹ́gbèmí kò já bọ́. Èso kù díẹ̀ lórí igi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí oòrùn ń là láàárín ewé, ẹfọ̀n kan yọ ní etí àbàtà. Akọ ni, ìwo rẹ̀ tẹ́ bí àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ẹran tó ń pa ọdẹ ni ẹfọ̀n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọdẹ́gbèmí dìde lórí ègùn, ó fa ọrun, ó ta. Ọfà wọ ẹfọ̀n ní ìhà. Ẹfọ̀n bú, ó sáré sí ìdí igi, ó fi orí kàn án. Igi mì tìtì. Pẹpẹ fọ́ yángá lábẹ́ ẹsẹ̀ Ọdẹ́gbèmí, igi àti ìtàkùn já wálẹ̀ wuruwuru lórí ẹfọ̀n.

Akíngbadé, láti orí igi kejì, kígbe pé, "Ó ti lọ!"

Kò lọ. Igbà mú un. Ó fẹ̀yìn ti òfúrufú gẹ́gẹ́ bí Lánípẹ̀kun ti ń ṣe lórí ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti ara igi, okùn náà le gan-an ní ìdí rẹ̀. Ọrun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹfọ̀n ń pòyì nísàlẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò pa. Ọdẹ́gbèmí yọ ọfà mìíràn látinú apó, ó fi í sínú ọsán, ó fa ọrun láìsí pẹpẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àti ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì! Ta ló ṣe irú rẹ̀ rí? Ọfà wọlé lẹ́yìn ọrùn. Ẹfọ̀n kúnlẹ̀, ó wó.

Baba wa nìyẹn! Ọmọ ẹni tó ta ẹfọ̀n nígbà tí kò dúró lórí nǹkan kan ni yín. Ẹ gbé orí yín sókè.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Akíngbadé dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹran náà, kò wo ẹran. Okùn ló ń wò.

Ó ní, "Okùn ló mú ọ. Ìyẹn kò fi hàn pé ìyàwó rẹ mọ́."

Ọdẹ́gbèmí ní, "Bàbá, bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìyàwó ló ń já ìtàkùn, kí ló dé tí kò já igbà? Ọwọ́ ìyàwó yẹn ló dán igbà yìí wò láàárọ̀ yìí. Bó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́, ara okùn ni ì bá kọ́kọ́ dé."

 Akíngbadé jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì rẹ̀ tó rọ mú, ó gbé e mọ́ra bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní, "Èmi fúnra mi ni mo lé ìyàwó tèmi. Ọjọ́ tí mo já bọ́. Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Ó fi omi gbígbóná jó apá yìí fún mi kó lè san, kí n tó lé e."

Ọdẹ́gbèmí jókòó tì í nínú ẹrẹ̀.

Akíngbadé ní, "Ọdẹ́gbèmí, n kò wẹ̀yìn wo ìtàkùn mi rí. Ta ni ó máa bá mi lọ pè é?"

Ọdẹ́gbèmí ní, "Bí a bá ti gbé ẹran délé, mo ń bá yín lọ. Mo ní ẹni tí èmi náà fẹ́ wá."

Àwọn méjèèjì lọ. Wọ́n bá Ìbídùn ní ìlú kejì, ó ti darúgbó, ó ń ta iyọ̀. Ó jẹ́ kí Akíngbadé dọ̀bálẹ̀ títí tí iyọ̀ rẹ̀ fi tà tán, kó tó ní kó dìde. Ó bá wọn padà. Ní ti ìyá Ọdẹ́gbèmí, ibojì rẹ̀ ni wọ́n bá. Baba wa bu erùpẹ̀ rẹ̀ wá sílé, ó fi í sí ìdí ògiri. Lẹ́yìn èyí ni Àwẹ̀ró bí ọmọkùnrin.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọdẹ Òkè-Ẹfọ̀n tó gun ègùn láìní igbà. Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni a wá fi ń kí wa báyìí, tí àwọn oníjálá ń fi kì wá: ọmọ Onígbà, ọmọ a-so-mọ́gi-má-já, ọmọ a-ta-ẹfọ̀n-lófúrufú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a bá ń gbé ìyàwó wọ ilé yìí, kí ó tó tẹ ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà, a máa na igbà sí i lọ́wọ́. Yóò fi ẹsẹ̀ ti òpó, yóò fà á, ọkọ yóò sì dúró sí ẹ̀yìn okùn. Bí ìyàwó bá ní okùn náà kò dára, ọkọ yóò lọ lọ́ òmíràn kó tó wọlé. Láti ìgbà náà, ọkùnrin ilé yìí kì í gun ohun gíga tí obìnrin ilé rẹ̀ kò bá dán okùn rẹ̀ wò. Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ, ẹni tó ń kan òrùlé, àti ìwọ Adéoyè tí ò ń gun òpó iná ìjọba, tí o rò pé bẹ́líìtì tí ọ̀gá yín fún ọ tó. Gbé e délé kí ìyàwó rẹ fà á. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá yín bá rẹ́rìn-ín, sọ fún un pé mo ní kó máa rẹ́rìn-ín lọ.

Bí Bàbá Àgbà bá ti dé ibi yìí, wọn kì í fi orin parí rẹ̀. Wọ́n kàn máa ń ka ohun tó sọnù kí igbà tó dé, èmi náà yóò sì kà á. Ọkùnrin mẹ́fà ló já bọ́ láti orí ègùn ní Òkè-Ẹfọ̀n. Mẹ́rin kú. Obìnrin márùn-ún ni wọ́n lé. Ọ̀kan ló padà.